Abẹ Òkúta Inú Igbó Ìdágìrì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ láti gbọ́ tèmi, ẹ sún mọ́ra. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀kọ, kó gbé e mì kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ̀rín bá mú un há a lọ́fun, ẹ má pè mí sí ẹjọ́ o. Ọdẹ́rìndé Àkànó lorúkọ mi. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i, iṣẹ́ náà sì bọ́ sí mi lọ́rùn bí ogún: kò béèrè bóyá ọrùn mi lè gbé e. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó kúrò nílé ìwé, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi dúró láàárín ọ̀nà, ẹ má rò pé ọgbọ́n ni mo ń wá. Ẹ̀yìn mi ni mo ń wò. Ó ti mọ́ mi lára. Ó kù díẹ̀ kí n pé àádọ́ta ọdún, n kì í sì í jókòó kí ẹ̀yìn mi má kan ògiri. Síbẹ̀, bí mo bá ń kọjá ní Òkè-Ọsàn, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kì mí: Apẹkùn-bí-ẹni-pa-eku, Ọkùnrin-gìdìgbà-tí-í-dẹ́rù-ba-igbó. Èmi náà á sì mi orí, màá rìn bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ ní gbèsè. Ẹnu òfìfo kì í dún nàmùnàmù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi máa ń dún púpọ̀ nígbà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹnu yìí náà ló mú mi dé ibi tí mo fẹ́ sọ. Àwẹ̀ró ìyàwó mi ní àbúrò kan, Òkédìran, télọ̀ ni. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ẹni tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ni ohun mímú tó mọ̀ láyé. Ó fẹ́ gbé ìyàwó. Àwọn àna rẹ̀ ní àwọn kò fẹ́ ẹran ọjà, àfi ẹtu tí ọkọ ìyàwó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ̀ wọ inú igbó. Òkédìran wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ̀ ń wọ Igbó Ìdágìrì. Ẹ mú mi lọ." Èmi kò wọ Igbó Ìdágìrì rí. Mo kàn máa ń sọ pé mò ń wọ̀ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yọ èkùrọ́, ojú rẹ̀ wà lára mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níyàwó, ẹ sọ fún mi: ta ló máa sọ òótọ́ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀? Mo ní, "Ìdágìrì? Ẹ̀yìnkùlé mi kọ́ nìyẹn?"

N kò ní sọ bí a ṣe jí, n kò ní sọ ohun tí a jẹ. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, a ti wọ inú igbó náà jìnnà. Òkédìran wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn. Ìdí tí télọ̀ fi wà níwájú tí ọdẹ fi wà lẹ́yìn, ẹ má ì tíì bi mí. Ṣàdédé ni ìtàkùn kan yọ lábẹ́ ewé gbígbẹ, ó dúdú, ó ń dán, ó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé, ó sì wé mọ́ kókósẹ̀ Òkédìran bí ẹni ń wé lawàní. Ó kígbe. Mo yọ àdá, mo fi gbogbo agbára bẹ́ ìtàkùn náà. Bí irin ṣe kàn án, ó gun orúnkún. Mo tún bẹ́ ẹ, ó di ìbàdí. Mo tún gbé àdá sókè.

"Ẹ̀gbọ́n," Òkédìran ní, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ràn mí lọ́wọ́ mọ́."

Mo rí i pé gbogbo agbára tí mo fi ń tú u sílẹ̀ ni mo fi ń dè é. Ìtàkùn náà sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, bí èéfín ṣe ń gun àjà. Mo sọ àdá sílẹ̀, mo ju ìbọn sílẹ̀, mo ní, "Dúró síbẹ̀, mò ń lọ pe èèyàn wá." Ó ní, "Ibo ni mo fẹ́ lọ?" Mo sáré. Mo sáré bí ọ̀kẹ́rẹ́, mo sáré bí ẹni tí wọ́n fi iná sí ní ṣòkòtò, mo fo kùkùté, mo fo odò kékeré kan lẹ́ẹ̀mejì, ó dà bíi pé mo ti sá kọjá ìlú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo kọsẹ̀, mo sì fi ìdí jókòó lórí òkìtì kan tó mú bí eyín. Mo dìde kíákíá. Èérún òkúta ni, wẹ́wẹ́, pẹlẹbẹ, ó ga bí òkìtì ọ̀gán, ó sì ti gé ṣòkòtò mi níbi tí n kò lè fi han yín.

"Ta ló jókòó lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi?"

Ìyá arúgbó kan ló sọ̀rọ̀. Ó jókòó sídìí igi ńlá kan, ó tẹ́ awọ ẹran sórí itan. Awọ ara rẹ̀ sán bí ògiri tí òjò ti lù fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ funfun, ó ń tàn bí òkúta inú odò. Nígbà tó wúkọ́, èérún òkúta kékeré kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó dún lórí òkìtì, kin-in. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá. Mo ti ọ̀nà jíjìn sá wá. Wọ́n ti de àna mi mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún."

Ó ní, "Ọ̀nà jíjìn wo? Òun nìyẹn lẹ́yìn igi."

Mo yọjú wo ẹ̀yìn igi. Ẹ gbà mí gbọ́, ibẹ̀ kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Òkédìran ń wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti kọjá níwájú mi."

Ìyá náà, ẹni tí mo wá mọ̀ sí Ìyá Olókùúta, ní òun ló ni ìtàkùn, ó ti wà kí irin tó dé ayé, kò sì gba irin lọ́gàá. Òkúta nìkan ló lè gé e. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó gé e fún mi. Ó ní ọwọ́ tó mú èèyàn wọ igbó òun ni yóò mú un jáde, àmọ́ bí mo bá lè dáhùn àlọ́ kan, òun á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe abẹ òkúta. Ó ní, "A nà án kó tó bímọ. Gbogbo ọmọ tó bí ló mú jù ú lọ. Ẹnu rẹ̀ mú, kò léyín. Kí ni?"

Mo ronú títí. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí orí mi ṣiṣẹ́. Mo ní, "Ahọ́n ìyá ìyàwó mi."

Ohùn kan dún lẹ́yìn igi: "Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi lẹ̀ ń sọ yẹn o."

Ìyá Olókùúta rẹ́rìn-ín, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n da yangí sílẹ̀. Ó ní, "Òkúta ni. Ṣùgbọ́n o pa mí lẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó pa mí lẹ́rìn-ín látìgbà tí wọ́n ti ń pe bàbá ńlá rẹ ní ọmọ ọwọ́. Màá kọ́ ọ. Òkúta mẹ́ta ni mo fún ọ. Èyí tí o bá bà jẹ́, wàá san án." Mo ní n kò mú nǹkan kan wá. Ó ní, "O mú un wá. Irọ́ kún inú rẹ. Òtítọ́ kan fún òkúta kan, kó sì jẹ́ òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Wàá sọ ọ́ sókè kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún gbọ́. Wo òjìji igi yìí. Nígbà tó bá kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, ìtàkùn á ti dé ọ̀fun àna rẹ."

Òjìji náà kò ju apá kan lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní mo gbà. Ẹni tí odò ń gbé lọ kì í béèrè iye tí ọkọ̀ ń gbà.

Ó gbé òkúta dúdú kan lé mi lọ́wọ́ òsì, ó fi òmíràn sí ọ̀tún, róbótó bí ọmọ ọlọ. Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ pé mo ti la igi ìdáná. Mo gbé òkúta dúdú náà kalẹ̀, mo gbé ọmọ ọlọ sókè bí ẹni fẹ́ pa erin, mo sì sọ ọ́ lu àárín rẹ̀ gbùngbùn. Òkúta náà fọ́ yángá-yángá. Kò sí èyí tó tó gé ẹ̀fọ́ nínú rẹ̀, àtàǹpàkò mi nìkan ló gé. Mo fi í sẹ́nu, mo ń fà á bí ọmọ ọwọ́.

"San án," ni ìyá wí.

Mo wo ilẹ̀. Mo wo òkè. Mo ní, "Ẹkùn tí wọ́n ń fi kì mí yẹn... ó ti kú kí n tó débẹ̀."

"Sọ ọ́ sókè."

"Ó ti kú! Pàkúté ẹlòmíì ló pa á. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni mo bá a. Mo yìnbọn sí i kí ihò lè wà lára rẹ̀, ìbọn náà kò sì bà á nígbà àkọ́kọ́."

Lẹ́yìn igi, Òkédìran ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fi awọ yẹn rán fìlà fún yín." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Mo ń sọ fún àwọn oníbàárà mi."

Ìyá Olókùúta ti mú èérún kan, ó ń fi hàn mí. Ó ní, "Ọdẹ, àárín òkúta kò ní ẹnu ọ̀nà. Etí rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà. O ti ju èkùrọ́ sínú adágún rí? Bí agbo omi ṣe ń fẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìlù, ìyẹn agbára ọwọ́ tó lù ú, ń fẹ̀ lọ nínú òkúta. Bí o bá lù ú létí, níbi tó ti tẹ̀ wọnú lábẹ́, ìlù náà á rí ibi jáde, á sì bó ìpẹ́ pẹlẹbẹ kan dání. Bí o bá lù ú láàárín, kò rí ọ̀nà, ilé ni yóò wó." Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo rántí àwọn ìgbà tí mo bínú sí ohun kan tí mo lù ú láàárín. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìtàn tí mò ń sọ.

Ó ní kí n fọwọ́ ara mi mú ìkejì nínú àwọn òkúta tó tò síbẹ̀. Mo mú èyí tó tóbi jù, tó rẹwà jù, ìlà pupa kan gba ara rẹ̀ kọjá bí ìlà ojú ọmọ ọba. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó bá máa mú, kó mú gidi. Mo lù ú létí bó ṣe kọ́ mi. Ó dún pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn lu ògiri ẹrẹ̀, ó sì pín sí méjì gba ojú ìlà pupa yẹn. Méjì náà kò mú rárá.

Ó ní, "Bí ìyàwó rẹ bá lọ ra ìkòkò, kí ló máa ń ṣe?"

Mo ní, "Ó máa ń ta á ní èékánná, á dẹtí."

"Kí ló dé?"

"Kó lè mọ̀ bóyá ó sán nínú."

"Ìwọ kò lẹ́tí? Omi ti gba inú òkúta yẹn kọjá kí wọ́n tó bí ọ. Òkúta tó ti sán, ibi tó sán sí ló máa gbà, kì í gba ibi tí ìwọ ní kó gbà. San án."

Òjìji ti sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo yọjú wo Òkédìran, ìtàkùn ti de apá rẹ̀ mọ́ ara. Mo sọ̀rọ̀ kíá. Mo ní ìdajì etù ni mo máa ń rọ sínú ìbọn mi láti ogún ọdún. Mo ní ariwo rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ní ìdí tí ẹran fi ń sá lọ tí mo bá yìnbọn nìyẹn, tí mo sì ń sọ nílé pé ẹran Òkè-Ọsàn ń lo oògùn. Ṣé ẹ rí Òkédìran yìí, pẹ̀lú ìtàkùn láyà, ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ìtàkùn ń fún un, ó sì ń kérora, kò sì lè dá a dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má ba òkúta mìíràn jẹ́, ẹ̀rín ló máa pa mí kí ìtàkùn tó débẹ̀."

Òkúta kẹta, mo ta gbogbo wọn ní èékánná. Pọ̀. Pọ̀. Pọ̀. Ọ̀kan tó burẹ́wà bí ìgbín tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ dún kín-ín. Òun ni mo mú. Ìyá náà mi orí, ó sì fi ìka rẹ̀ tọ́ka sí gegele kan tó ga díẹ̀ lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ìlù fẹ́ràn gegele bí arìnrìn-àjò ṣe fẹ́ràn ọ̀nà tó yangbẹ. Lù ú lókè ibẹ̀, á tẹ̀ lé e dé òpin. Kọ́kọ́ fi òkúta mìíràn ha etí rẹ̀ kó le, torí etí tó fẹ́lẹ́ jù á rún lábẹ́ ìlù." Mo ha á. Mo gbé e lé itan. Mo gbé ọwọ́ sókè, ó ń gbọ̀n. Mo dijú. Mo sọ ọwọ́ sílẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kó débẹ̀ ni ẹ̀rù bà mí nítorí àtàǹpàkò mi, mo fà á sẹ́yìn.

Ìpẹ́ kan là lára òkúta náà, ó tẹ̀ lé gegele dé ìdajì, ó sì dá kúkú síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kú bí ìka ẹlẹ́tẹ̀.

Ìyá Olókùúta kò bínú. Ó ní, "Òkúta kì í parọ́. Ibi tí ọwọ́ rẹ ti ṣiyèméjì ni ìlà náà ti dúró. Kò bàjẹ́ tán, ààyè ṣì wà lára rẹ̀ fún ìlù kan. Ṣùgbọ́n san tèyí kí o tó tún un lù."

Mo ní òtítọ́ ti tán lára mi. Ó ní, "Ó ku ọ̀kan. Òun ni mo ti ń dúró dè láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n mí. Bí mo ṣe ń sọ eléyìí, mo tún wo ẹ̀yìn mi.

Mo ní, "Òkédìran." Ó dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ mọ́. Mo ní, "Kí ìtàkùn tó mú ọ, mo ti gbọ́ ìró rẹ̀. Mo gbọ́ tí ewé gbígbẹ ń sún, tí kò sì sí afẹ́fẹ́. Etí mi kì í pàdánù irú ìyẹn, ẹ̀rù ti lọ̀ ọ́ kó mú. Mo mọ̀ pé nǹkan wà lójú ọ̀nà. Mo sọ fún ọ pé okùn bàtà mi tú, kí o máa lọ níwájú." Mo gbé ohùn sókè, n kò dúró kí wọ́n ní kí n gbé e. "N kò wọ bàtà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Òjìji ti fẹnu kan èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo tún ha etí òkúta náà, ní apá kejì níbi tí gegele mìíràn wà. Mo gbé ọwọ́ sókè, ó ń gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń retí pé kí n sọ pé òtítọ́ lé ẹ̀rù lọ, ẹ ó dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ìgbọ̀n ọwọ́ yẹn láti ogún ọdún, bí mo ṣe mọ ìrìn Àwẹ̀ró láti ẹ̀yìn ilé. Ó máa ń wá, ó máa ń lọ, láàárín kan àti èkejì ààyè díẹ̀ wà, kò ju ìṣẹ́jú ojú lọ. Mo dúró dè é bí ẹni dúró de ẹtu lórí ègùn, àga ọdẹ orí igi. Ó gbọ̀n. Ó gbọ̀n. Ó dá. Mo lù ú, mo sì jẹ́ kí ọwọ́ náà kọjá lọ.

Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ṣá ìṣáná. Nǹkan kan já bọ́ sórí itan mi. Mo gbé e. Ó gùn bí ìka ọwọ́, ó wú róbótó níbi tí ìlù ti wọlé, agbo wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé ara wọn láti ibẹ̀ bí omi adágún tó di òkúta, etí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ tó fi jẹ́ pé mo rí oòrùn gba inú rẹ̀. N kò ṣe nǹkan tó dára tó yẹn rí, n kò sì rò pé màá tún ṣe é. Mo sáré.

Ìtàkùn ti wé ọrùn Òkédìran lẹ́ẹ̀kan. Mo gé ti ẹsẹ̀, ó já bí òwú. Mo gé ti ìbàdí, mo gé ti àyà. Nígbà tí mo dé ti ọrùn, ọwọ́ mi tún bẹ̀rẹ̀. Abẹ tó lè fá irun ojú èèyàn, lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ̀n, lọ́rùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó gbọ́. Ó wò mí. Ó lè sọ ohunkóhun. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ náà dá, Ẹ̀gbọ́n. Mo lè dúró." Ó sì dúró, kò mí. Ó dá. Mo gé e.

Ìtàkùn náà na ara rẹ̀ lu ilẹ̀ bí ẹgba. Ó bá àdá mi níbi tí mo jù ú sí, ó wé e. Ó bá ìbọn, ó wé e. Ẹ̀ka rẹ̀ kan sì nawọ́ gán etí ṣòkòtò mi, ó ń fà mí lọ. Abẹ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kígbe, n kò ní pa á mọ́ fún yín. Òkédìran, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbà á, rákòrò wá sẹ́yìn mi, ó fi ìka méjì wá ojú rírán kan nídìí ṣòkòtò náà, ó fà á, fààà, ṣòkòtò pín sí méjì, mo sì bọ́.

Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ ibẹ̀?"

Ó ní, "Èmi ni mo rán an. Mo gbowó ìrán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́wọ́ yín, ẹ̀ẹ̀kan ni mo rán an."

Ìyá Olókùúta kò sí nídìí igi mọ́ nígbà tí a wo ibẹ̀. Èérún òkúta nìkan ló kù. A kò pa ẹtu. A kọjú sí ilé, a dé ẹnu ọ̀nà tóóró tí a gbà wọlé, ẹ̀gún wà lápá méjèèjì, ọ̀nà ẹni kan ni. Mo dúró. Òkédìran dúró. Èmi kò lè ní kó máa lọ, òun kò sì ní kí n máa lọ. A dúró síbẹ̀ títí tí ẹyẹ kan fi dáwọ́ orin dúró láti wò wá. Nígbà tó yá ó fi èjìká kan èjìká mi, a sì jọ wọ ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan náà, èmi lápá ọ̀tún, òun lápá òsì, ẹ̀gún ń ya èmi, ẹ̀gún ń ya òun, títí a fi jáde sí oko.

Àwẹ̀ró bomi gbóná fún wa nílé. Ó wo apá ọ̀tún mi tó ti ya láti èjìká dé orúnkún, ó wo apá òsì àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Irú ọ̀nà wo lẹ gbà?"

Òkédìran ló dáhùn. Ó ní, "Ó tóóró díẹ̀."

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ kì mí lọ́la, kó kì mí bó ṣe mọ̀ mí lónìí. Ẹ kálọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má ṣáájú.